Ọwọ́ Ẹni tí A Ń Ràn: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ìrànnilọ́wọ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìbéèrè tí olóòtú ètò gbé ka iwájú wa rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó wúwo nídìí. Ó ní, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ ènìyàn fi ọdún mẹ́rin jókòó ní kọ́lẹ́jì tàbí yunifásítì, kí ó máa kọ́ bí a ti ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́? Àbí ohun tí a bí mọ́ni ni?

Kì í ṣe òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ irú ìbéèrè yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, baba kan láti Ìkẹ́nnẹ́ wá mi wá sí ọ́fíìsì. Obì ni ó ń tà. Láti Ṣágámù ni ó ti ń kó o ránṣẹ́ sí òkè Ọya. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gba ìwé láti wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó fẹ́ lọ kọ́. Iṣẹ́ wẹ́fíà ni. Èdè Yorùbá ni èmi ń kọ́ni, ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí rárá. Ṣùgbọ́n ojúlùmọ̀ ni wá, baba náà sì gbà pé ẹni tí ó bá ti ń jẹ́ ọ̀mọ̀wé lè yí ohun gbogbo padà ní yunifásítì. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ìyá tí ó bí mi kò mọ ìwé, gbogbo àdúgbò ni ó sì ń tọ́jú. Ta ni ó kọ́ ọ? Ṣé àánú ṣíṣe náà ni n ó máa san owó ilé ìwé lé lórí?" Mo fún un ní omi mu. N kò rí èsì gidi fọ̀ fún un ní ọjọ́ náà. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ni èsì tí mo ti ń ṣà jọ láti ìgbà náà, inú ìtàn ilẹ̀ Rẹ́mọ àti àyíká rẹ̀ ni mo sì ti ṣà á.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ wò. Yorùbá ní oríṣiríṣi orúkọ fún oore. A ní àánú, a ní ìtọ́jú, a ní ìkẹ́, a ní ọrẹ, a sì ní ìrànlọ́wọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí a ṣàánú fún lè dùbúlẹ̀ gbalaja kí ó má ṣe ohunkóhun. Ẹni tí a ta lọ́rẹ kò ní ju kí ó na ọwọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní "ẹ ràn mí lọ́wọ́," ohun tí ó ń sọ ni pé ọwọ́ òun ti wà nínú iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, pé ọwọ́ kan ṣoṣo náà ni kò ká a. Ẹni tí ẹrù wúwo lórí rẹ̀ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń ti ọkọ̀ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. A lè káàánú òkú. A kò lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà lóde òní a máa kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn pé ẹni tí ó ní ìṣòro ni ó ni ìpinnu, àti pé olùrànlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gba ayé ẹni ẹlẹ́ni ṣe fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á nínú ìwé wọn, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ti wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni wẹ́fíà fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni àlàáfíà, kí ayé dára fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu tiwa, ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani ni. "N ó gbé ọ lọ sí wẹ́fíà!" Obìnrin tí bàbá ọmọ rẹ̀ kò fún ní owó oúnjẹ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí ó bá gbọ́ ọ yóò sì fa ojú ro bí ẹni tí a dárúkọ àgọ́ ọlọ́pàá fún. Báwo ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà ṣe di ọ̀rọ̀ ẹ̀rù? Bí a bá mọ èyí, a ó mọ ìdí tí baba tí ń ta obì fi ń bẹ̀rù orúkọ iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá, Ọ̀fin, Mákun, Ìjọkù, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn yòókù, kó jọ sí ojú kan tí a mọ̀ sí Ṣágámù lónìí. Ogun ni ó kó wọn jọ. Ìlú tí a dá sílẹ̀ kí ènìyàn lè fi ẹ̀yìn ti ara wọn ni, ó sì ní ètò tirẹ̀. Ẹbí ni ó ń tọ́jú aláìsàn, ẹgbẹ́ ni ó ń dá owó òkú, àwọn àgbà Òṣùgbó ni ó ń parí ìjà. Ọ̀wẹ̀ àti àáró wà fún iṣẹ́ oko, èésú wà fún ọ̀rọ̀ owó. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tàn yín pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí kò kọ́ ọ. Ìyá àgbẹ̀bí kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà tí ó ṣáájú rẹ̀. Babaláwo a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ olúwo kí wọ́n tó gbà á láyè kí ó dá Ifá fún ẹni tí ìpọ́njú bá. Olórí ẹbí tí ń parí aáwọ̀ láàárín tọkọtaya ti jókòó lẹ́yìn baba rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti gbọ́ ẹjọ́ títí etí rẹ̀ fi kún, kí ó tó di pé ó la ẹnu. Ìyá baba tí ń ta obì yẹn pàápàá kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Kò kàn sí ẹni tí ó fún un ní ìwé ẹ̀rí ni.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a máa yin ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó ní ẹbí ni ẹbí ń gbè. Adẹ́tẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, àlejò tí kò ní baálé, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń parí sí kò dára. Ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ gbèsè lè di ìwọ̀fà. Àṣà alágbàtọ́ pẹ̀lú wà, èyí tí a fi ń fa ọmọ lé ìbátan tí ó rí jájẹ lọ́wọ́ kí ó lè kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé àti iṣẹ́ ọwọ́. Àṣà rere ni nígbà tí alágbàtọ́ àti òbí bá jọ ń gbé ìlú kan, tí ìyá ọmọ lè yà wò ó ní ọjọ́ ọjà. Ẹ rántí àṣà yìí, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀ ní Èkó.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ mọ̀. Ní ọdún 1920, ṣànpọ̀nná pa àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ David Ṣópólú. Ọmọ rẹ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909, kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọmọ náà dà lẹ́yìn ọ̀la, ìdí sì nìyí tí a kì í fi ń ronú lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní Abẹ́òkúta, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún oríṣiríṣi ènìyàn kí ó baà lè máa rí owó ilé ìwé san. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1960. Ọdún 1927 ni ó tó wọ Wesley College ní Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. N kò sọ pé ẹbí rẹ̀ kò ṣe ojúṣe wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní gbogbo ilẹ̀ yìí nígbà náà, kò sí ẹnì kan tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé: ọmọ yìí, kí ni ó ń jẹ? Ta ni ó ń san owó ìwé rẹ̀? Ọ̀dọ̀ ta ni ó ń sùn? Orí ni ó ràn án. Mélòó ni orí kò ràn?

Púpọ̀ nínú àwọn tí orí kò ràn gba Èkó lọ. Láti Rẹ́mọ sí Èkó kò jìnnà, ọkọ̀ tí ń kó obì àti gàrí lọ ń kó ọmọdé lọ pẹ̀lú. Nígbà ogun Hitler, Èkó kún fún àwọn ọmọdékùnrin tí ń sùn ní ojú títì àti ní abẹ́ ìsọ̀ ọjà. Ní ọdún 1941 ni ìjọba òyìnbó mú Donald Faulkner wá kí ó wá wo ọ̀ràn wọn. Òun ni ọ̀gá wẹ́fíà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1943 ni wọ́n ṣe òfin fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, òfin tí wọ́n gé láti ara èyí tí ó wà ní ìlú òyìnbó láti ọdún 1933. Lẹ́yìn náà ni obìnrin òyìnbó kan, Alison Izzett, dé láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà ni ó gba àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí lọ́kàn jù. Wọ́n rí ọmọ kékeré tí ó gbé igbá kiri ní ọ̀sán gangan, wọ́n ní ìyà ni èyí, ewu ni, wọ́n sì fi òfin dè é. Àwọn obìnrin ọjà kò gbà. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni ìkiri, pé ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ owó kà, ibẹ̀ ni ó ti ń mọ ojú oníbàárà.

Ta ni ó jàre? Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, a kò sì fi ohùn ṣọ̀kan. Òyìnbó rí ewu tí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí àṣà alágbàtọ́ ti yí padà nígbà tí ó dé Èkó. Ìyá ọmọ ń bẹ ní Rẹ́mọ tàbí ní Ìjẹ̀bú, ọmọ ń bẹ lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá a tan. Kò sí ọjọ́ ọjà tí ìyá yóò yà wò ó. Ohun tí ó jẹ́ ìtọ́jú ní ilé lè di ẹrú ní ìdálẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ má sì yí padà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kò mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ìyà, nítorí wọn kò bí ìyá léèrè. Wọ́n ní ìmọ̀ iṣẹ́, wọn kò ní ìmọ̀ ilé. Àwọn ìyá ní ìmọ̀ ilé, wọn kò sì fẹ́ gbà pé Èkó kì í ṣe ilé. Ohun tí aráàlú rí nínú wẹ́fíà ni adájọ́, ọlọ́pàá, àti ilé tí wọ́n ń kó ọmọ sí. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ìtumọ̀ tí ó ní lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ kí n yà síta díẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ọ̀ràn ilẹ̀ wa nìkan ni. Ní ìlú òyìnbó àti ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn ènìyàn rò fún ìgbà pípẹ́ pé ọkàn rere ti tó. Ní ọdún 1889 ni Jane Addams àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ellen Starr lọ ń gbé láàárín àwọn òtòṣì ní Chicago, wọ́n pe ilé wọn ní Hull House. Ní ọdún 1898 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kan ní New York fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àánú, nítorí wọ́n ti rí i pé oore tí a kò kọ́ ṣe lè bá ẹni tí a ṣe é fún jẹ́. Láti inú irúgbìn kékeré yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti di ohun yunifásítì. Orúkọ tí ó gbòòrò jù, èyí tí ó kó wẹ́fíà, ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, ìtọ́jú arúgbó àti ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ pọ̀ sí abẹ́ òrùlé kan, kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Láàárín ọdún 1960 sí 1975 ni ó fìdí múlẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́jì Amẹ́ríkà.

Ní Áfíríkà, ní ọdún 1941 kan náà tí Faulkner dé Èkó, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Jan Hofmeyr sílẹ̀ ní Johannesburg láti kọ́ àwọn adúláwọ̀ ní iṣẹ́ wẹ́fíà. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa: ní Èkó, òyìnbó ni ó wá ṣe é, ní Johannesburg, ọmọ onílé ni wọ́n ń kọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Winnie Madikizela jáde níbẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Baragwanath. Wọ́n ní kí ó lọ wádìí iye ọmọ ìkókó tí ń kú ní Alexandra. Ohun tí ó rí níbẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di Winnie Mandela tí gbogbo ayé mọ̀.

Padà sí ilé. Nígbà tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kò gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ wọn? Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó sí kíláásì ní ọdún náà kò tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà tàbí ìwé méje lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi mọ ohun tí ó ti ibẹ̀ wá, àti bí ìjọba ṣe wá sáré kọ́ àwọn kọ́lẹ́jì olùkọ́ káàkiri. Oore ṣáájú ẹ̀kọ́, ó sì pẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó lé e bá.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ mìíràn, Táí Ṣólàrìn, gba ọ̀nà tirẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1956 ni òun àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá Mayflower School sílẹ̀. Ilé ìwé tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní mọ́ṣáláṣí, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tí gbogbo ilé ìwé jẹ́ ti ìjọ! Ẹ̀yin tí ẹ mọ Táí mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè yí i lọ́kàn padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n roko, wọ́n sì jẹ nínú ohun tí wọ́n gbìn. Lójú tirẹ̀, a kì í ran ọmọ lọ́wọ́ bí ọwọ́ ọmọ náà kò bá mọ iṣẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú sílẹ̀ ní ọdún 1975, òun ni wọ́n fi ṣe kọmíṣánnà rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí pé níbo gan-an ni ìmọ̀ ilé àti ìmọ̀ ìwé ti pàdé, n kò ní tọ́ka sí Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣágámù. Abẹ́òkúta ni n ó tọ́ka sí, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní ìlú òyìnbó, dé sí ilé ìwòsàn Àrò. Ilé náà kò tíì parí. Dókítà mìíràn ìbá jókòó dúró de bíríkìlà. Lámbò lọ bá àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn yóò dé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, ìyá ni o, àbúrò ni o, ẹni náà ni yóò máa se oúnjẹ fún un. Wọn yóò gba yàrá lọ́dọ̀ àgbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aláìsàn yóò lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ yóò padà sí abúlé. Ará abúlé ń rí owó ilé gbà. Lámbò tún mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n lè tún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ aláìsàn ṣe fún àwọn dókítà.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí èyí díẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tí ètò àtijọ́ wa kò ní ipò fún, ni abúlé gbà sílé. Kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ Àrò ní ọkàn rere ju àwọn baba wa lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan tí ó kọ́ṣẹ́ wà nítòsí wọn, ẹni tí wọ́n lè sáré ké sí ní òru bí ọ̀rọ̀ bá yí bírí. Ẹ̀rù kò bà wọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Lámbò pẹ̀lú kò lè dá a ṣe. Ìwé rẹ̀ kò lè ro àmàlà fún aláìsàn, kò sì lè bá a ṣeré ayò ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá wo Àrò, Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbá kejì olórí àjọ ìlera àgbáyé láti ọdún 1973 títí di ọdún 1988.

Láti ibẹ̀ ni n ó ti yára kọjá, nítorí àkókò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1959, ìjọ Adventist ṣí kọ́lẹ́jì kan ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ, nítòsí Ìkẹ́nnẹ́, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méje péré, láti máa kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ní oṣù kẹrin ọdún 1999 ó di Babcock University, ọ̀kan lára yunifásítì aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni a ti ń rí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ wẹ́fíà àti iṣẹ́ ìrànnilọ́wọ́ jọ wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1982, èyí tí ó di Olabisi Onabanjo University ní ọdún 2001. Ṣágámù ni wọ́n gbé kọ́lẹ́jì ìlera rẹ̀ sí, wọ́n sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà níbẹ̀ di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní ọdún 1986. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa, dókítà àti nọ́ọ̀sì tẹ̀lé e. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni ó dé kẹ́yìn.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Babcock gba ìwé àṣẹ, ní oṣù keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù láàárín àwọn ọmọ onílé àti àwọn Haúsá, ní àkókò ọdún Orò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ẹ̀san rẹ̀ sì dé Kánò. Ṣọ́jà àti ọlọ́pàá pa iná ìjà náà. Àwọn dókítà rán ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ṣọ́jà bá kúrò, ta ni yóò jókòó ti opó tí kò lè sun? Ta ni yóò mú ìyá Haúsá àti ìyá Rẹ́mọ jókòó lórí àga kan, àwọn méjì tí wọ́n ti jọ ń ra obì tí wọ́n sì jọ ń tà á láti ìgbà èwe wọn? Pásítọ̀ kò kọ́ ọ, ìmáàmù kò kọ́ ọ, ọkàn rere wọn kò sì kéré. Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ó ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é: bí a ti ń gbọ́rọ̀ láìdá sí i, bí a ti ń pa àṣírí mọ́, ìgbà tí a ó fi ẹbí sí i àti ìgbà tí ẹbí gan-an ni ewu, òfin wo ni ó dáàbò bo ọmọ, bí a ti ń kọ ìwé tí adájọ́ lè gbára lé. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláásì nìyẹn, tí wọ́n sì ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi ojú rí lábẹ́ àgbà tí ń tọ́ wọn sọ́nà, gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí ti jókòó lẹ́yìn baba rẹ̀.

Ìjọba pàápàá pẹ́ kí ó tó gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ìdàgbàsókè àwùjọ ti wà láti ọdún 1974. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde ní Àbújá ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Gbogbo àwọn òfin wọ̀nyí gbé iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lórí, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé sórí àga náà lè máa pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìparí ọdún 2022 ni Ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, kí ó lè ní ẹni tí ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò bí ti dókítà àti ti agbẹjọ́rò. Láti 1941 dé 2022, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Mo ti jẹ́ kí baba wa tí ń ta obì dúró pẹ́. Kò gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀; ọmọ náà lọ. Ní ọdún kẹta rẹ̀, wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn kan láti kọ́ṣẹ́. Baba arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti ojú títì, kò sí ẹbí, kò sí orúkọ, gbèsè ilé ìwòsàn sì ń gùn sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kò ní làákàyè, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ kò ní ìtumọ̀. Ọmọbìnrin yìí jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan. Ó kọ ohun tí baba náà ń sọ sílẹ̀, ó sì gbé e wá fún mi. Mo kà á. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ o! Ẹ̀ka èdè apá ẹsẹ̀ odò ni, ní ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún, oríkì ìdílé kan ni baba náà sì ń sọ ní àsọtúnsọ. Mo sọ ibi tí mo rò pé ó ti wá. Àwọn ọ̀gá ọmọ náà ránṣẹ́ sí apá ibẹ̀, wọ́n sì rí ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nígbà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, bàbá rẹ̀ tún wá mi wá, pẹ̀lú obì gidi nínú ike. Ó jókòó, ó ní ọmọ òun ti sọ ọ̀rọ̀ arúgbó náà fún òun, ó sì yé òun. Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì yé òun. Àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ ń bi òun pé iṣẹ́ wo ni ọmọ òun ń ṣe. Bí òun bá sì ti ní wẹ́fíà, wọn a bi òun pé ta ni wọ́n fẹ́ gbé lọ. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ni ẹ ni Yorùbá. Kí ni kí n máa pè é?" Mo dá orúkọ kan, ó gùn jù. Mo dá òmíràn, ó mi orí. Ó ní kí n rò ó wò, pé òun yóò padà wá ní ọjọ́ ọjà Ṣágámù tí ń bọ̀.